Lẹ́ǹsì Ọgọ́rùn-ún fún Òrùka Wúrà

Jeudi, 9 mars 2006. Koumassi Remblais, Abidjan.

Ìwé kẹta ni mo kà tí mo fi fi ilé-ìwé sílẹ̀, ṣùgbọ́n ta ni kò mọ̀ mí bíi onífọ́tò láti ibí dé Port-Bouët? Síbẹ̀, òrùka kan fẹ́ dójú tì mí lónìí.

Alágbẹ̀dẹ wúrà kan ló ní kí n ya òrùka tí òun ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ, kí gbogbo ọnà ara rẹ̀ hàn. Lẹ́ǹsì àádọ́ta (50mm) tí mo rà lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mo fi yà á. Kí òrùka tó kún fọ́tò, àfi kí n sún mọ́ ọn débi pé imú mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án. Nígbà tí fọ́tò jáde, fìlà mi àti irùngbọ̀n mi ló hàn nínú wúrà.

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. "Vieux père, bàbá mi, ṣé òrùka ni mo fẹ́ tà àbí ẹ̀yin?" Ó ní bí n kò bá tún un yà kó dára lọ́la, òun á gbé e fún ẹlòmíràn.

Bẹ́ẹ̀ Kàmórù, ọmọ iṣẹ́ mi àtijọ́ tó ta lẹ́ǹsì fún mi, ti sọ ọ́ lọ́jọ́ tí mo rà á: "Ọ̀gá, ẹ mú ọgọ́rùn-ún. Ẹ ó lè dúró lókèèrè ya ohun kékeré, ìmọ́lẹ̀ á sì ráyè wọlé." Èmi tí mo kọ́ ọ níṣẹ́! Mo ní kó panu mọ́.

Mo padà lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ nírọ̀lẹ́, mo fi àádọ́ta pààrọ̀ ọgọ́rùn-ún. Ó ṣòro lẹ́nu mi, ṣùgbọ́n mo sọ ọ́: "Kàmórù, ìwọ lo jàre."

Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja láàárín àwọn oníbàárà rẹ̀, bí ẹni pé òun ló jẹ̀bi. Ta ló kọ́ ọ ní irú ìwà bẹ́ẹ̀? Èmi náà ni.