Ìràwọ̀ Tó Yẹ Kó Jẹ́ Margalida

                                        Ilé Ìwòràwọ̀,
                                        Bouzaréah, Algiers.
                                        Ọjọ́ kejìlá, oṣù kẹta, 1934.

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà, Apolline,

Ẹ kú ilé o, ẹ sì kú ìtọ́jú ọmọ. Ọkọ yín ńkọ́, ṣé ikọ́ yẹn ti lọ? Ehín ọmọ ńkọ́, ṣé ó ti hù? Ara Màmá le, wọ́n ṣì ń lọ sóko ẹ̀fọ́ wọn láràárọ̀. Ara tèmi náà le, àmọ́ inú ń bí mi, mi ò sì ní purọ́ fún yín.

Ẹ ò ní tíì gbàgbé ìràwọ̀ kékeré mi. Ọ̀gá Delmas ló ya fọ́tò ojú ọ̀run sórí gíláàsì, èmi ni mo rí i nígbà tí mò ń wọn gíláàsì náà. Gbogbo ìràwọ̀ yòókù dúró bí àmì tíntín, òun nìkan ló fa ìlà, nítorí pé ó ń rìn. Òkúta ńlá ojú òfuurufú ni ní tòótọ́, a kàn ń pè é ní ìràwọ̀ ni; àárín Máàsì àti Júpítà ló wà, níbi tí irú rẹ̀ pọ̀ sí bí iyanrìn, ó sì ń gbà á tó ọdún mẹ́rin ó lé díẹ̀ kó tó yí oòrùn ká. Ọ̀nà rẹ̀ tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ju ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, ó sì gùn bí ẹyin. Irú wọn kì í pẹ́ sọnù bí a kò bá mọ ibi tí wọ́n máa gbà padà.

Nínú iṣẹ́ wa yìí, ìràwọ̀ tí ọ̀nà rẹ̀ kò tíì dájú kì í gba nọ́ńbà, èyí tí kò bá sì ní nọ́ńbà kì í gba orúkọ. Ẹni tó ya fọ́tò ló ń sọ ọ́ lórúkọ, orúkọ obìnrin sì ni wọ́n sábà máa ń fún wọn. Delmas wá sọ lójú gbogbo wa pé:

"Antonine, aláìgbọràn lèyí o. Bó o bá lè ṣírò ọ̀nà ẹ̀ tó fi gba nọ́ńbà, ìwọ lo máa sọ ọ́ lórúkọ. Mo ti wí i."

Mo ní Margalida ni, orúkọ ìyá wa. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Èmi òmùgọ̀ bá lọ sọ fún Màmá. Ẹ ṣáà mọ̀ wọ́n: kílẹ̀ tó ṣú, gbogbo ìlú Fort-de-l'Eau ti gbọ́, títí kan fádà.

Mo ṣírò títí ojú mi fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́. Ìràwọ̀ náà wọ ẹ̀yìn oòrùn lọ, ó sì tún yọ síbi tí mo ní ó máa yọ gẹ́lẹ́. Nígbà tó tún padà, ibẹ̀ náà ló gbà. Nọ́ńbà dé lóṣù tó kọjá. Àṣé ọ̀gá àgbà ilé ìwòràwọ̀ wa fẹ́ fẹ̀yìn tì, Delmas sì ń wá ipò rẹ̀. Ìyàwó ọ̀gá àgbà kò bímọ, ajá kan báyìí, Bibiche, ló fi ṣe ọmọ. Delmas bá sọ ìràwọ̀ mi ní Bibiche! Mo lọ bá a.

"Antonine, fara balẹ̀ jàre. Orúkọ lásán ni. Ṣebí ìràwọ̀ pọ̀ lókè."

"Ẹ̀yin ò wá mú òmíràn fún ajá nínú wọn?"

Ó ní ẹnu mi ti gùn jù. Adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀. Ká ní mo ṣírò rẹ̀ lódì ni, ì bá ti sọnù, kì bá tí sí ohun tí wọ́n máa fi kẹ́ ajá.

Mi ò tíì lè sọ fún Màmá; lójú tiwọn, orúkọ wọn ló wà lára ìràwọ̀ náà. Lánàá, lẹ́yìn ìsìn, ni wọ́n bá wọ bọ́ọ̀sì wá láìsọ fún mi, wọ́n gbé sóséèjì pupa tí wọ́n fọwọ́ ara wọn kì dání. Ẹ̀bùn fún Delmas ni! Delmas àti Màdáámù, ìyàwó ọ̀gá àgbà, wà nínú ọgbà pẹ̀lú ajá náà. Màmá bá sọ fún Delmas pé:

"Ọ̀gá, ẹ ṣé o. Bẹ́ ẹ ṣe gbé orúkọ mi ga yìí, Ọlọ́run á gbé tiyín náà ga."

Ọ̀gbẹ́ni yẹn gbà á! Ó ń wolẹ̀, àmọ́ ó gbà á. Ajá wá ń fimú tú àpò Màmá, Màmá bá gé sóséèjì fún un, wọ́n ń fọwọ́ pa á lórí.

"Ajá yìí mà dára o! Kí lorúkọ ẹ̀?"

"Bibiche ni," Màdáámù dáhùn tẹ̀ríntẹ̀rín. "Òun náà ti ní ìràwọ̀ tiẹ̀ lókè báyìí."

Màmá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.

"Ẹ ẹ̀ rí nǹkan! Á jẹ́ pé aládùúgbò lèmi àti ẹ̀ lókè nìyẹn!"

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá sọ ọ́ fún wọn kí Àjíǹde tó dé. Ẹnu mi ò gbà á. Ẹ bá mi kí ọkọ yín, kẹ́ ẹ sì fẹnu ko ọmọ lẹ́rẹ̀kẹ́ fún mi.

                                        Èmi ni àbúrò yín tí inú ń bí,
                                        Antonine.