Omi Tó Ní Ìlà

Ajé, 3 Oṣù Kẹfà
Wọ́n gbà mí sí yàrá àyẹ̀wò kòkòrò àrùn. Títí ìsinmi ná. Àwa akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní méjì la wà níbẹ̀, ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n máa mú dúró. Ẹnì kejì mi ti mọ gbogbo nǹkan kó tó wọlé — Mo-ti-mọ̀ ni màá máa pè é nínú ìwé yìí. Olùkọ́ wa, obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ tí ojú rẹ̀ kì í kúrò lára ọwọ́ èèyàn, Má-fọwọ́-kàn-án ni tirẹ̀. Àyà mi ń já. Inú mi ń dùn. Méjèèjì pa pọ̀.

Ìṣẹ́gun, 4
Sítáfì ni kòkòrò tá a ń wò, ojú egbò àwọn aláìsàn ni wọ́n ti gbà á. Àwọn kan ní jíìnì, àbùdá ìbí, tó ń ṣe oró, oró tó lè dá alágbára dùbúlẹ̀. Àwọn kan ò ní. Jíìnì yẹn la ń wá. Bó bá wà, ìlà funfun á tàn nínú jẹ́lì, èyí tó rọ̀ bí ẹ̀kọ, lábẹ́ iná. Bí kò bá sí, ibẹ̀ á dúdú. Ike kékeré la ń po gbogbo rẹ̀ sí; ọ̀kan wà tí a kì í fi kòkòrò sí rárá, omi lásán. Tiẹ̀ gbọ́dọ̀ dúdú.
"Omi ni ẹlẹ́rìí yín," Má-fọwọ́-kàn-án ní. "Bí ẹlẹ́rìí bá purọ́, ẹjọ́ ti bàjẹ́ nìyẹn."

Ọjọ́bọ̀, 6
Omi mi ní ìlà. Gbogbo ike mi ló ní ìlà. Má-fọwọ́-kàn-án tẹjú mọ́ ọn, ó ní ṣé omi mi ń ṣàìsàn ni. Mo-ti-mọ̀ rẹ́rìn-ín títí ó fi sá jáde. Omi tirẹ̀ mọ́ tónítóní, orí ẹ̀ dáa.

Ajé, 10
Mo tún un ṣe. Ìlà.

Ìṣẹ́gun, 11
Mo pààrọ̀ omi. Mo pààrọ̀ ìbọ̀wọ́. Mo nu tábìlì bí ẹni ń retí àna. Ìlà. Mo-ti-mọ̀ fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó rọra ní kí n gé apá omi kúrò lára fọ́tò jẹ́lì, ta ló máa mọ̀. Kò fi ṣe ìkà, àánú mi ló ṣe é. Mi ò lè ṣe é. Mo gbé fọ́tò náà lọ bá Má-fọwọ́-kàn-án bó ṣe wà. Bóyá n ò tiẹ̀ yẹ fún iṣẹ́ yìí.

Ẹtì, 14
Má-fọwọ́-kàn-án fa àga sẹ́yìn mi, ó jókòó, ó ń wo ọwọ́ mi. Nígbà tó yá:
"Ta lò ń bá sọ̀rọ̀?"
Mi ò mọ̀ pé mò ń sọ̀rọ̀. Ó ní mo ti fa ìbomú sí àgbọ̀n, mo sì ń kí àwọn ike lọ́kọ̀ọ̀kan: ìwọ ti gbà tìrẹ, ó kàn ọ́. Òótọ́ ni. Ẹ̀rù ń bà mí kí n má fo ọ̀kan, ìbomú sì ń jẹ́ kí gíláàsì ojú mi ṣú.
"Mà, ó tiẹ̀ bi ọ̀kan bóyá ó sùn dáadáa," Mo-ti-mọ̀ ní.
Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí eyín Má-fọwọ́-kàn-án nìyẹn. Ó wá ti òwú bọ imú gbogbo wa láti fi ṣàyẹ̀wò, títí kan tirẹ̀.

Ọjọ́rú, 19
Imú mi ni. Sítáfì olóró wà nínú imú mi, ibẹ̀ ló ti ń bọ́ sínú ike bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀.

Ọjọ́rú kan náà
Mo bi Má-fọwọ́-kàn-án bóyá màá kú. Ó ní lọ́jọ́ kan ṣá. Ó ní ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń gbé sítáfì kiri nímú láìmọ̀. Bí kò bá ráyè wọ ojú egbò, kì í sábà bá ẹnikẹ́ni jà. "Máa fọwọ́ rẹ, máa pa ẹnu dé lórí iṣẹ́."

Ẹtì, 21
Mo-ti-mọ̀ fi ọṣẹ pa gíláàsì mi kó má baà ṣú. Ìbomú lókè, ẹnu pa dé. Omi mi dúdú. Dúdú kirikiri. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jó. Nínú gbogbo aláìsàn tèmi, ti ẹni méjì péré ló ní oró. Ká ní a ti kọ̀wé sílé ìwòsàn lọ́sẹ̀ tó kọjá, à bá ti sọ pé gbogbo wọn ló ní in. Ọ̀rọ̀ yẹn mú mi jókòó.

Ajé, 24
Kòkòrò olóró tí yàrá yìí máa ń fi wé tuntun ti kú látìgbà tí fíríìjì bàjẹ́. Ìlà tèmi sì tàn ju gbogbo wọn lọ. Má-fọwọ́-kàn-án gbé kòkòrò imú mi sínú fíríìsà, ó kọ "Imú Kìíní" sí i lára.
"Onílé rẹ̀ náà á dúró tì í," ó ní.
Mi ò tètè gbọ́ ohun tó ń sọ. Ó ní ẹni tó ń fọwọ́ ara rẹ̀ gbé ìtìjú wá bá òun, òun lè bá irú wọn ṣiṣẹ́. Mo-ti-mọ̀ bọ̀ mí lọ́wọ́, ó dì í mú pẹ́.
Mo pe Màmá. Mo ròyìn gbogbo rẹ̀, imú àti fíríìsà. Ó béèrè pé:
"Kòkòrò ọ̀hún, ṣé wọ́n ń fún un lóúnjẹ níbẹ̀?"
Mo ní wọ́n ti fún un, Màmá, ẹ̀jẹ̀ ẹran nínú àwo, kó tó wọ fíríìsà.
"Ó dáa. Ìwọ ńkọ́, o ti jẹun?"