Béárìn Inú Páálí Ẹja

Ayọ̀mikún ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo sì kí gbogbo ará ilé rẹ ní Àbújá. Ṣé dáadáa ni ara wà? Ọlọ́run tí kì í tòògbé yóò máa ṣọ́ ìjókòó rẹ àti ìdìde rẹ. Àwa náà wà ní Ìkéré níbí, iṣu ti ń ta, òjò ò sì tíì dà wá láàmú.

Àpótí irinṣẹ́ olówó pọ́ọ́kú tí o fi ránṣẹ́ dé o. Sípánà kan tẹ̀ níbi nọ́ọ̀tù àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n mo ti fi òòlù tọ́ ọ. O mọ̀ pé ọjọ́ Ajé tó kọjá ni dókítà Adó dá fún iṣẹ́ abẹ ojú màmá rẹ, oṣù mẹ́rin la sì fi dúró dè é. Ẹsẹ̀ mọ́tò wa wá ń ké bí ọmọ ewúrẹ́ tó sọ ìyá rẹ̀ nù. Mo ti búra fún màmá rẹ pé èmi ni màá fi mọ́tò gbé e lọ, n kò ní fi í sínú takisí. Dàpọ̀ mẹkáníìkì pe owó ńlá, mo ní kó máa lọ, ọmọ mi ti sọ èmi náà di mẹkáníìkì.

Òyìnbó inú fóònù tí o ní kí n máa wò, ó mọ iṣẹ́, ṣùgbọ́n kò mọ ìkíni. Mo máa ń wọ ẹ̀wù kí n tó ṣí i, nítorí kò dáa kó bá mi ní síńgílẹ́ẹ̀tì, mo sì máa ń kí i, kò dá mi lóhùn rí. Mo ní kó rọra, pé nọ́ọ̀tù tèmi ti dípẹtà, ó ti tú tirẹ̀ tán. Bá mi bá a sọ ọ́.

Ó ní kí n fi béárìn tuntun tí mo rà, irin roboto tó ń mú ẹsẹ̀ mọ́tò yí, sínú firísà di ọjọ́ kejì kí n tó fi í wọ ihò. N kò bi í léèrè, mo mọ̀ pé ohun tó bá ti òkèèrè wá, bí kò bá rí òtútù, á bàjẹ́. Kò sí iná ládùúgbò wa, mo bá gbé e tọ Mercy tó ń ta ẹja yìnyín, mo tẹ̀ ẹ́ sáàárín ẹja nínú páálí kan. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti bẹ́yìn yọ. Kí n tó padà dé láàárọ̀, ó ti ta páálí náà fún obìnrin kan láti Ìgbàrà-Odò.

Mo gun ọ̀kadà lọ. Mo bá obìnrin náà tó gbé béárìn mi sórí tábìlì, tó pe gbogbo àdúgbò wá wò ó, tó ń sọ pé irin ni àwọn ẹlẹ́ja fi ń kún ìwọ̀n báyìí. Mo ṣàlàyé pé irin mọ́tò ni, atẹ́gùn tútù ni mo ní kó gbà. Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní òun ò ní yọ̀ǹda rẹ̀ àfi bí mo bá fi ẹja tó wúwo bíi ti irin náà rọ́pò. Ẹja mẹ́ta ni mo rà.

Béárìn ti gbóná lápò mi kí n tó délé, kò wá fẹ́ wọ ihò mọ́. Ọmọ odó màmá rẹ ni mo fi gbá a wọlé.

Lọ́jọ́ Ajé a gbéra. A ò tíì jáde nílùú tí igbe náà tún bẹ̀rẹ̀. Ẹsẹ̀ òsì ni mo pààrọ̀, ẹsẹ̀ ọ̀tún ló ń ké. Ojú tì mí gan-an, mo fẹ́ dúró bá a wá takisí. Màmá rẹ gbọ́wọ́ lé mi léjìká, ó ní kí n máa wà á lọ, igbe náà ti mọ́ òun létí, bó bá dákẹ́ òun á rò pé a ti jáde lójú títì. Mo rọra wà á dé Adó.

Iṣẹ́ abẹ náà yọrí sí rere. Nígbà tí wọ́n ṣí ojú rẹ̀ lọ́jọ́ kejì, ó wò mí pẹ́, ó béèrè ìgbà wo ni irun mi funfun tó báyìí. Inú mi dùn débi pé mo jáde lọ wo mọ́tò.

Nítorí náà, jọ̀wọ́, fi owó béárìn ọ̀tún ránṣẹ́, àti ti ẹja mẹ́ta, àti ti ọmọ odó, nítorí èyí tó wà nílé ti là. Fi rán ẹni tó ń bọ̀ wálé. Ní báńkì wọ́n ní kò sí nẹ́tíwọ́kì, mo ní owó ni mo wá gbà, kí wọ́n fi nẹ́tíwọ́kì pamọ́ fún ẹni tó bá fẹ́ ẹ, síbẹ̀ wọn ò fún mi lówó.

Ojú rẹ kò ní ṣókùnkùn, ọ̀nà kò ní nà ọ́, wàá jẹ èrè iṣẹ́ rẹ pẹ́.

Èmi ni bàbá rẹ,
Bámgbóyè.

Màmá rẹ ti ka lẹ́tà yìí. Láti ọdún mẹ́ta, ẹlòmíràn ló ń kàwé fún un, òun tó jẹ́ tíṣà. Lónìí ó kà á fúnra rẹ̀, ó mú bírò pupa, ó fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ mẹ́sàn-án, ó sì fún mi ní márùn-ún nínú mẹ́wàá.