Irú Èèyàn Tí Kíámọ́sá Jẹ́

Ọ̀rẹ́ mi tòótọ́,

Mo kí ọ, mo kí baálé rẹ, mo kí ọmọ wa. Ṣé ara le? Orúnkún ńkọ́, ṣé ó ti ń jẹ́ kí o gun àtẹ̀gùn? Àlàáfíà ni a wà níbí, bí a bá yọ ti ìríra tí mo fẹ́ ròyìn yìí kúrò.

O bi mí léèrè irú èèyàn tí ọkùnrin tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní ṣọ́ọ̀bù fọ́tò wa jẹ́, nítorí ó ti wá tọrọ ọmọ wa lọ́wọ́ yín. Mi ò ní purọ́ fún ọ. Kíámọ́sá la máa ń pè é, torí kò sí iṣẹ́ tí kì í sáré ṣe.

Kọ̀ǹpútà wa ti ń wọ́ bí ìgbín. Ó ní òun á fi Linux, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, sí i, èyí tó fúyẹ́ jù lọ. Lóòótọ́, ẹ̀rọ náà yá. Àmọ́ nígbà tí mo ṣí i, ilé òfìfo ni: kò sí fódà àwòrán, kò sí ti ìwé, kò sí ti orin. Gbogbo fọ́tò oníbàárà ló dà jọ síbì kan bí aṣọ ìdọ̀tí: ìyàwó tuntun, ìkókó, olóògbé. Mo ní kó tún un ṣe. Kọ́kọ́rọ́ mi ló fi ń tayín, ó ní, "Ìyá, ẹ ṣáà máa wá a, ẹ ó rí i." Ó sì dá kọ́kọ́rọ́ náà padà sórí tábìlì mi láì nù ún!

Òun náà ló mú fọ́tò tí a tẹ̀ sí iwájú ìwé ètò ìsìnkú obìnrin kan. Ọkọ olóògbé wá gbà á. Ó wò ó, ó wò mí, ó ní, "Ìyá, èyí kì í ṣe ìyàwó mi." Ìyàwó tuntun kan ni, tó wà láàyè, tó ń rẹ́rìn-ín! Ojú tì mí, mi ò lè gbórí sókè. Kíámọ́sá bú sẹ́rìn-ín, ó ní, "Bàbá, ẹ ò rí i pé èyí tiẹ̀ kéré lọ́jọ́ orí?" Mo ní kó jáde.

Baálé mi ló jókòó ti ìwé ìlò Linux náà. Ó rí i pé kò sí ohun tó bàjẹ́; ètò kékeré tó ń ṣẹ̀dá àwọn fódà ilé, xdg-user-dirs, ni Kíámọ́sá kò fi sí i. Ó fi sí i, ó tẹ àṣẹ kan ṣoṣo, xdg-user-dirs-update, gbogbo fódà sì yọ létòlétò. Tíì mi ò tíì tutù! Mo to fọ́tò sáyè wọn, mo tún ìwé náà tẹ̀, mo sì gbé e lọ sílé ọkùnrin náà fúnra mi. Ó ń fi àtàǹpàkò nu ojú ìyàwó rẹ̀ lórí ìwé, bí ẹni pé eruku wà níbẹ̀. Kò bá mi jà. Ìyẹn gan-an ló dùn mí jù.

Àìmọṣẹ́ kọ́ ni mo kà sí i lọ́rùn. Ta ni kì í ṣìṣe? Ẹ̀rín yẹn ni. Ẹni tó ń fi ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, kí ni yóò ṣe lọ́jọ́ tí ọmọ wa bá ń sunkún? Ṣùgbọ́n má ṣe bá ọmọ wa dá a lóhùn o. Fún un ní lẹ́tà yìí kó kà á. Òun ni yóò bá ọkọ gbélé.

Kí Ọlọ́run má ṣe jẹ́ kí ẹkún mọ ọ̀nà ilé yín. Kó jẹ́ kí ọmọ wa bá ẹni tó mọ iyì èèyàn pàdé.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ, tó bá ọ tọ́ ọmọ,
Ìyá Onífọ́tò

Mo tún rántí o: bí mo ṣe fẹ́ lẹ ẹnu àpòòwé ni Kíámọ́sá yọjú, ó ní kí n jọ̀ọ́, kí n bá òun sọ irú èèyàn tí òun jẹ́ fún yín. Mo ní mo ti kọ ọ́ tán.