Fóòmù Tí Mo Gé Nínú Akoto Bàbá

Ojúlé Kẹrìnlá,
Òpópónà Fọ̀lágbadé,
Ìjẹ̀bú-Òde.
Ọjọ́ kejìlá, oṣù kọkànlá, ọdún 1986.

Ràsákì, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Mo kí ọ láti ilé. Àdúrà mi ni pé kí lẹ́tà yìí bá ọ nínú ìlera, kí òtútù Ìlú Ọba má sì mú ọ ju bí ara ṣe lè gbà á lọ. Bàbá wà láàyè. Ibẹ̀ ni kí n ti bẹ̀rẹ̀, kí àyà rẹ má baà já. O mọ̀ pé láti ìgbà tí o ti rìnrìn àjò lọ kẹ́kọ̀ọ́, èmi ni mo ń bá Bàbá àti Màmá kọ lẹ́tà sí ọ, èmi náà ni mo sì ń ka èsì rẹ sí wọn létí. Lọ́tẹ̀ yìí, kò sí ẹni tó rán mi ní ọ̀rọ̀ kankan. Èmi Olúyọmí ni mo ń sọ̀rọ̀ fúnra mi, ohun tí mo fẹ́ sọ kò sì dùn ún sọ.

Bàbá ti kúrò ní ilé ìwòsàn láti oṣù tó kọjá. Ìloro ni wọ́n ń jókòó sí láàárọ̀, níbi tí oòrùn kì í ti í tètè dé. Etí òsì wọn kò gbọ́ràn mọ́, àwọn ìka ọwọ́ òsì kò sì tíì ṣe é pa dé. Àpótí irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń tún ẹ̀rọ ìránṣọ ṣe wà lábẹ́ àga wọn. Lójoojúmọ́ ni wọ́n ń ní kí Kàmọ́rù àbúrò rẹ ṣí i, kí ó nu ohun tó wà nínú rẹ̀, kí ó sì tún un pa dé.

O rántí bí ọ̀rọ̀ akoto yìí ṣe bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo parí iṣẹ́ àgùnbánirọ̀, tí iṣẹ́ ìjọba kò yọjú, mo dara pọ̀ mọ́ Ẹgbẹ́ Ojú Lalákàn, ẹgbẹ́ kékeré tí Ìyáàfin Edith Ọdúntàn, ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, dá sílẹ̀ láti máa gbèjà àwọn tí ń rajà. A kò ju mẹ́sàn-án lọ. Iṣẹ́ wa ni kí á máa tú àṣírí wáyà iná tí kò nípọn tó, oògùn tí ọjọ́ ti kọjá lórí rẹ̀, àti agolo mílíìkì tí ẹnìkan ti bu nínú rẹ̀ kí ó tó dórí igbá. Gbólóhùn kan wà lókè gbogbo ìwé pélébé tí a ń pín: “Ka ìwé tó bá ọjà wá kí o tó lo ọjà.” Èmi akọ̀wé ni mo kọ gbólóhùn náà, ó sì máa ń wú mi lórí bí mo bá rí i lára ògiri.

Lẹ́yìn tí a sin ọlọ́búrẹ́dì kan tó ti orí kẹ̀kẹ́ ológeere ṣubú, tó sì forí gbálẹ̀ lọ́nà Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀, ni mo kọ̀wé bi ọ́ pé kí ni àwọn oníkẹ̀kẹ́ ibẹ̀ yẹn ń dé sórí. O ní akoto ni, pé wọ́n ń tà á ní ilé ìtajà kẹ̀kẹ́ tí o ti ń ṣiṣẹ́ ní òpin ọ̀sẹ̀. Mẹ́fà ni o fi ránṣẹ́. O kọ ọ́ sí mi pé: “Ọ̀kan nínú wọn, ti Bàbá ni. Yọmí, bí wọ́n bá kọ̀, bẹ̀ wọ́n títí wọn yóò fi gbà.”

Mo bẹ̀ wọ́n. Ṣùgbọ́n o mọ bàbá rẹ àti fìlà. Láti ọdún tí wọ́n ti wé láwàní Bàbá Àdínì fún wọn, kò sí ẹni tó tún rí àtàrí wọn níta. Wọ́n gbé akoto náà lé orí fìlà, ó ń mì síhìn-ín sọ́hùn-ún bí igbá lójú omi. Kàmọ́rù pariwo pé, “Bàbá, ẹ ti di sójà o! Ó ku kí ẹ gbàjọba!” Bàbá náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n wọ́n yọ ọ́, wọ́n sì gbé e lé mi lọ́wọ́. Wọ́n ní, “Yọmí, bí mo bá ṣí orí sílẹ̀ kọjá lójú ọjà, wọn á ní kí ló ṣe mí. Bí akoto yín bá lè gba fìlà mi mọ́ra, n ó dé e. Bí kò bá lè gbà á, ẹ gbé e fún ọmọdé.”

Fóòmù funfun líle ló wà nínú akoto náà, irú èyí tí wọ́n fi ń há tẹlifíṣọ̀n mọ́ inú páálí. Ìwé kékeré kan bá a wá lédè Gẹ̀ẹ́sì. Ràsákì, mo kà á. N kò ní purọ́ fún ọ pé n kò kà á. Ó ní orí lásán ni kí á dé e sí, pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gé fóòmù náà, nítorí òun ni yóò gba agbára ìṣubú kí ó tó dé ara orí. Mo sọ fún ara mi pé àwọn tó kọ ìwé náà kò mọ ohun tí fìlà jẹ́. Mo ní akoto tó wà lórí sàn ju èyí tó wà nínú páálí lọ. Ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan, mo mú ọ̀bẹ ìdáná màmá mi, mo sì gé fóòmù náà títí èyí tó kù kò fi nípọn ju èèpo ọsàn lọ. Mo ṣe méjì mìíràn bẹ́ẹ̀ fún àwọn àgbà méjì tí àwọn náà kò fẹ́ ṣí fìlà.

Ó gba fìlà Bàbá mọ́ra, ó tilẹ̀ yẹ wọ́n. Àwọn ará àdúgbò jáde wá wò wọ́n, Ìyáàfin Edith ní kí ayàwòrán yà wọ́n lórí kẹ̀kẹ́. Èmi ka ara mi sí ẹni tó parí ìjà láàrin àṣà àti ọgbọ́n tuntun. Màmá sọ fún mi lọ́jọ́ kan pé Bàbá ti ń sáré ju ti àtẹ̀yìnwá lọ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ọ̀nà Ayépé, pé nígbà tí àwọn bá wọn wí, èsì wọn ni pé, “Kí ni mo tún ń bẹ̀rù?” Mo rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ náà. Òun ni mo ń gbọ́ létí báyìí bí mo bá dá jókòó.

Ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kẹsàn-án, bí wọ́n ti ń ti Ayépé bọ̀, ewúrẹ́ kan já sí títì ní ìsàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà. Wọ́n yà fún un, wọ́n sì ṣubú. Ẹ̀gbẹ́ òsì orí wọn ló kọ́kọ́ balẹ̀. Dókítà tó tọ́jú wọn gbé akoto náà yí po, ó ti àtàǹpàkò bọ inú rẹ̀, ó ní, “Ta ló jẹ inú èyí? Ká ní ó pé ni, bóyá eruku lásán ni bàbá yìí ìbá gbọ̀n dànù.” Mo wà níbẹ̀. Ilẹ̀ ni mo ń wò.

Ìdákẹ́ mi yẹn ló bí gbogbo ìyókù. Kàmọ́rù, nínú ìbínú, ń sọ káàkiri pé, “Gbàǹjo ni bọ̀dá mi lọ rà ránṣẹ́. Ẹni tó wà ní Ìlú Ọba, tí kò lè ra ojúlówó fún bàbá tó bí i!” Bẹ́ẹ̀ náà ni ó ṣe kọ̀wé sí ọ. Ẹgbẹ́ wa pàápàá gbà á bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní kí akọ̀wé kọ ìwé pélébé tí yóò kìlọ̀ fún ará ìlú pé akoto tó ń ti òkè òkun bọ̀ kò ṣe é gbára lé. Mo kọ ọ́, Ràsákì. Igba ni a tẹ̀, mo sì bá wọn lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri.

Lẹ́yìn náà ni èsì tí o fi dá Kàmọ́rù lóhùn dé, lọ́sẹ̀ tó kọjá. Gẹ́gẹ́ bí ìṣe wa, Màmá ránṣẹ́ pè mí kí n wá kà á. Ẹnu mi yìí ni mo fi kà á jáde pé: “Bàbá mi, mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ. Èmi ni mo ra ọjà tí kò dára. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi.” Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Bàbá yí etí ọ̀tún sí mi kí wọ́n lè gbọ́ dáadáa, wọ́n sì ní, “Mú gègé, Yọmí. Kọ ọ́ sí i pé mo ti dárí jì í.” Mo mú gègé. Mo kọ “Ọmọ mi Ràsákì,” ọwọ́ mi kò sì lọ síwájú mọ́.

Mo dọ̀bálẹ̀ níbẹ̀, mo jẹ́wọ́. Bàbá kò pariwo. Wọ́n ní kí n lọ mú ìwé Gẹ̀ẹ́sì náà wá, kí n kà á fún àwọn ní Yorùbá láti òkè dé ìsàlẹ̀. Nígbà tí mo kà á tán, wọ́n bi mí pé, “Ṣé bí ó ti wà lọ́jọ́ tí o gé e náà nìyí?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. “Kí ló dé tí o kò kà á fún mi?” Mo ní ẹ̀rù bà mí pé bí ẹ bá gbọ́, ẹ ò ní dé e rárá. Wọ́n wá ní, “O fi fìlà mi sílẹ̀ fún mi, o sì gba orí lọ́wọ́ mi. Àwa méjèèjì ni ìbá jọ yàn án.” Màmá dìde, wọ́n lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Títí di òní, wọn kò tíì pe orúkọ mi.

Mo gun kẹ̀kẹ́ lọ gba akoto méjì yòókù lọ́jọ́ kejì. Ọ̀kan wà lọ́wọ́ Pa Harold ní Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀, ẹni tó ní òtútù kì í jẹ́ kí òun ṣí fìlà. Láti oṣù kẹjọ ni ó ti ń fi akoto òfìfo gba inú igbó àti títì. Nígbà tí mo ṣàlàyé, ó kàn ń wò mí, ó ní, “Ìwọ ọmọ yìí, o kàwé o.” Ìyẹn dùn mí ju èébú lọ.

Mo dúró níwájú ẹgbẹ́ ní ọjọ́ Àìkú. Ìyáàfin Edith gbọ́ mi dé òpin, wọ́n wá ní, “Akọ̀wé, ka ohun tí a kọ sókè ìwé wa sí wa létí.” Mo kà á. Wọ́n ní kí n kó ìwé àkọsílẹ̀ ẹgbẹ́ sílẹ̀, mo sì kó o sílẹ̀. Èmi nìkan ni mo ń ya ìwé pélébé wọ̀nyẹn kúrò lára ògiri báyìí. Àwọn kan ti lẹ̀ pinpin débi pé ọ̀rọ̀ tí mo kọ ń ṣẹ́ kù níbẹ̀ lẹ́yìn tí mo bá ya ìwé tán. Kàmọ́rù náà ti mọ̀. Ó ní kí n bá òun sọ fún ọ pé ojú ń ti òun.

N kò ní bẹ̀ ọ́ pé kí o dárí jì mí. Ìyẹn wà lọ́wọ́ rẹ, kò sì kánjú. Ohun tí mo ń bẹ̀ ni pé kí o gbé ẹ̀bi tí kì í ṣe tìrẹ kúrò lọ́rùn. Ọjà tí o rà fún bàbá rẹ pé. Ojúlówó ni. Èmi, tí mo ń pe àwọn oníṣòwò lẹ́jọ́ pé wọ́n ń bu ọjà, èmi ni mo bù ú.

Kí Ọlọ́run tí ìwọ àti èmi jọ ń pè máa ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ rẹ. Kí ẹ̀kọ́ rẹ yọrí sí rere, kí o bá Bàbá àti Màmá nílé, kí wọ́n sì fi ojú ara wọn rí ọ.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ láti kékeré, tí kò tọ́ sí orúkọ náà mọ́ bí ti tẹ́lẹ̀,
Olúyọmí.

Àfikún: Bàbá ní kí n sọ fún ọ pé àwọn fẹ́ akoto mìíràn. Wọ́n ní àwọn á tún gun kẹ̀kẹ́ bí ọwọ́ òsì bá tún lè di bíréèkì mú. Dókítà kò tíì sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Mo fi téèpù àwọn télọ̀ wọn orí wọn láàárọ̀ yìí: íǹṣì méjìlélógún àti ààbọ̀. Láìsí fìlà ni o. Àwọn fúnra wọn ló fi ọwọ́ ọ̀tún ṣí i, wọ́n sì gbé e lé orúnkún. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n ní kí n ṣe ni pé kí n kọ́kọ́ ti ilẹ̀kùn.