Ibi Tí A Ó Ti Máa Kírun Nínú Bọ́ọ̀sì

Ọjọ́rú, Sango-Ọ̀tà

Díẹ̀ ló kù kí ọkọ mi ra bọ́ọ̀sì kékeré kan lónìí, pé òun ni àwa méjèèjì yóò máa sùn nínú rẹ̀ tí a bá gbé bàtà lọ tà lọ́nà Ọ̀yọ́. Ó mọ́ ju bọ́ọ̀sì gíga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n nígbà tí mo wọ inú rẹ̀, orí mi kan òrùlé.

"Oorun la fẹ́ẹ́ sùn níbẹ̀, a ò fẹ́ẹ́ jó," ni ọkọ mi wí.

Mo ní, "Níbo la ó ti máa kírun?"

Ẹni tó ń tà á bú sẹ́rìn-ín. "Ìyàwó, mọ́ṣáláṣí pọ̀ lójú ọ̀nà o!"

Ọkọ mi ò rẹ́rìn-ín. Ó wọ inú bọ́ọ̀sì kékeré náà, ó kọjú sí gábàsì, kò lè nàró. Èyí tó ga la rà. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń kùn díẹ̀, ó ń bà mí lẹ́rù.

Lọ́dọ̀ káfíńtà ní Joju, ọkọ mi ní kí bẹ́ẹ̀dì ṣeé ká sókè lójúmọmọ, kí àyè ẹní ìkírun méjì lè wà nílẹ̀, tèmi lẹ́yìn tiẹ̀. Ó wá yíjú sí mi: "Sítóòfù ńkọ́? Níbo lo fẹ́ ẹ sí?"

Látìgbà tọ́rọ̀ bọ́ọ̀sì yìí ti bẹ̀rẹ̀, kò bi mí ní nǹkan kan rí. Mo ní ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, kí ooru lè máa jáde.

Káfíńtà fi ṣọ́ọ̀kì sàmì síbẹ̀.