Ẹ Má Sunkún Mi: Pósítà Ìwé Ni, Kì Í Ṣe Ti Òkú

Ẹ kú ilé o, Ìyá mi. Mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ láti Abẹ́òkúta níhìn-ín. Mo kí Bàbá, mo kí Àǹtí Fúnkẹ́ àti àwọn ọmọ rẹ̀. Ẹni tó bá ń ka ìwé ìròyìn yìí sí Ìyá mi létí ní Ìkàrẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fo ìlà yìí: mo wà láàyè. Kò sí ohun tó pa mí.

Mo mọ̀ pé Bọ̀ọ̀dá Lásísì ti dé ọ̀dọ̀ yín báyìí. Òun ló ń fi ọkọ̀ kó sìmẹ́ǹtì láti Pápálantó wá sí ìlú wa. Ó gba àdúgbò Òwu níhìn-ín kọjá lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ó rí fọ́tò mi lára ògiri. Ìyá tó ń ta búrẹ́dì níbẹ̀ sọ fún mi pé ó ṣí fìlà, ó mi orí, ó ní ọmọ ilé àwọn ni, ó ní ó yẹ kí òun tètè lọ sọ fún wọn nílé. Ó padà sínú ọkọ̀, ó lọ. Kò bi ẹnikẹ́ni ní ìbéèrè kan ṣoṣo! Àdúgbò Ìgbẹ̀ìn tí mò ń gbé kò jìnnà síbẹ̀ rárá.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí fọ́tò mi ń wá lára ògiri.

Láti ìgbà tí mo ti dé ilé-ẹ̀kọ́ yìí, n kò lọ́rẹ̀ẹ́. Àwọn ọmọ Ẹ̀gbá tí a jọ ń kàwé mọ ara wọn láti kékeré. Bí wọ́n bá ń ṣàwàdà, wọn yóò ti rẹ́rìn-ín tán kí n tó mọ ẹni tí wọ́n ń bú. Bí òjò bá sì bẹ̀rẹ̀, omi yóò máa ṣàn láti ara àpáta wá sí ẹnu ọ̀nà wa, kò sí ẹni tó máa yọjú sí ẹnìkejì rẹ̀. Ìtàn ni mo fi ń bá ara mi sọ̀rọ̀. Mo kọ mẹ́fà, mo tẹ̀ wọ́n lórí ẹ̀rọ ilé-ẹ̀kọ́, mo fi abẹ́rẹ́ àti òwú rán wọn di ìwé pẹlẹbẹ ọgọ́ta. Gbogbo ọgọ́ta náà wà lábẹ́ ibùsùn mi. Ẹ mọ̀ mí, Ìyá mi. N kò lè kó ìwé lé apá kí n máa kiri. Bí àlejò bá tẹjú mọ́ mi, orúkọ ara mi gan-an yóò di ohun tí mò ń wá.

Mo wá rò ó pé ògiri lè bá mi bá àwọn èèyàn sọ̀rọ̀. Mo tọrọ àyè lọ́wọ́ Àlàájà tó ni ilé wa, mo kan pátákó kan mọ́ iwájú ilé. Mo lẹ ojú ewé àkọ́kọ́ ìtàn kọ̀ọ̀kan mọ́ ọn, mo kọ orúkọ mi àti ìlú mi sí i, kí ẹni tó ń kọjá lè kà á lọ́fẹ̀ẹ́. Bó bá dùn mọ́ ọn, kó kan ilẹ̀kùn. Aṣọ ni Àlàájà ń tà. Ó ní ohun tí mo ṣe dára, ó ní òun náà kì í ti aṣọ mọ́ inú àpótí kí òun wá máa retí oníbàárà. Ó wá ku bí aráyé yóò ṣe mọ̀ pé pátákó kan wà ní Ìgbẹ̀ìn. Ìyẹn ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ atẹ̀wé kan ní Òwu, pé kó bá mi ṣe pósítà.

Mo kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún ọkùnrin yìí: orúkọ mi, pé mo jẹ́ òǹkọ̀wé, àdírẹ́sì ilé, àti pé kí gbogbo ènìyàn wá ní Sátidé, ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, n ó ka ìtàn kan fún wọn. Ó ní kí n fọkàn balẹ̀, ó ní òun kì í ṣe ẹni àná nídìí iṣẹ́. Nígbà tí mo padà lọ, ó ti tẹ̀ ẹ́, ó sì ti lẹ̀ ẹ́ káàkiri Òwu. Mo sún mọ́ ọ̀kan, mo wò ó. Ìlà dúdú tó nípọn ló fi yí fọ́tò mi ká. Ó kọ Ògo Ni Fún Ọlọ́run sókè gàdàgbà. Fọ́tò káàdì ilé-ẹ̀kọ́ tí mo fún un ni, n kò rẹ́rìn-ín nínú rẹ̀. Àdírẹ́sì, ọjọ́ àti aago tò sí ìsàlẹ̀. Ta ló máa rí irú bébà bẹ́ẹ̀ lára ògiri tó máa dúró kà á? Bí ojú bá ti kan ìlà dúdú, ọwọ́ ti dé àyà.

Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní férémù kan ṣoṣo ló wà ní ṣọ́ọ̀bù òun, ìyẹn ni òun fi ń ṣe ti gbogbo ènìyàn, kò sì sí ẹni tó tíì padà wá ṣàròyé rí. Mo ní báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ padà wá! Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di àga mú. Ó ní kí n ṣáà wò ó, ṣé fọ́tò náà kò mọ́lẹ̀ dáadáa ni?

Kí n tó dé ilé, àwọn èèyàn ti kún iwájú ilé wa. Àlàájà tó bá mi ṣeré láàárọ̀ ọjọ́ náà gan-an ń nujú, ó ń sọ pé ọmọ jẹ́jẹ́ ni mí, pé òun kò tilẹ̀ gbọ́ igbe. Bàbá kan dúró níwájú pátákó, ó ń ka ìtàn mi sókè, ó ní irú ọpọlọ báyìí ni ikú máa ń mú. Ó ti gba ìwé kan tí wọ́n mú lábẹ́ ibùsùn mi mọ́ra, ó ní òun yóò fi ṣe ìrántí. Bí mo ṣe kí wọn, obìnrin méjì sá. Ìkẹta já mi léèékánná ní apá láti mọ̀ bóyá n ó ké. Nígbà tí bàbá yẹn rí i pé mo ń mí, ó gbé ìwé náà sílẹ̀, ó ní òun ń bọ̀. Kò tíì dé di bí mo ṣe ń kọ èyí. Nígbà tí mo kú, mo mọ ìtàn kọ. Nígbà tí mo jí, ìtàn mi gùn jù.

Ìyẹn kò dùn mí tó ọ̀rọ̀ yín. Dókítà ti kìlọ̀ pé ẹ kò gbọdọ̀ gbọ́ ohun tó máa já yín láyà, nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru. Mo fẹ́ rán awakọ̀ kan sí yín pé kò sí nǹkan kan, pé ara mi le. Mo wá rántí bí a ṣe ń túfọ̀ nílé wa. Nígbà tí Bọ̀ọ̀dá Àlàbá kú sí Kánò, ṣebí pé kò sí nǹkan kan ni wọ́n kọ́kọ́ sọ fún ìyá rẹ̀? Bí mo bá rán ènìyàn mẹ́wàá sí yín pé mo wà láàyè, ìgbà mẹ́wàá ni n ó kú lójú yín. Ẹ kò sì ní wá wò ó fúnra yín, nítorí òbí kì í lọ síbi òkú ọmọ. Èmi náà kò lè tíì wá, ìdánwò wa kò ní parí títí di Fúráìdé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ìdí nìyí tí mo fi bẹ olótùú ìwé ìròyìn yìí pé kó bá mi tẹ lẹ́tà yìí jáde, torí mo mọ̀ pé Bàbá Tíṣà máa ń kà á sókè níwájú ilé wọn. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ yín. Ẹ ó ní ẹlòmíràn ló kọ ọ́ kí ìpayà má baà pa yín. Nítorí náà, n ó sọ ohun tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ láyé àfi èmi àti ẹ̀yin.

Títí mo fi pé ọmọ ọdún mọ́kànlá, mò ń tọ̀ sórí ẹní. Ẹ̀yin lẹ máa ń sá ẹní náà sẹ́yìn ilé kí àwọn tó kù tó jí. Bí Bàbá bá bèèrè, ẹ ó ní ewúrẹ́ tún ti wọlé. Bàbá na ewúrẹ́ yẹn títí, ó sì tà á níkẹyìn. Ọjọ́ tí wọ́n ń fà á lọ, ẹ wò mí, mo wò yín. Bàbá, ẹ forí jì wá. Ewúrẹ́ kọ́. Èmi ni.

Gbogbo Ìkàrẹ́ ti gbọ́ ọ báyìí, gbogbo Abẹ́òkúta náà ti gbọ́. Òkú kì í tijú, Ìyá mi. Ojú ń tì mí débi pé n kò mọ ibi tí n ó gbà lọ sí kíláàsì lọ́la.

Ọlọ́run yóò dá yín sí, ọkàn yín yóò balẹ̀, ẹ kò ní fi ojú sunkún ọmọ. Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé, kí ẹ sì sọ fún Bọ̀ọ̀dá Lásísì pé mo kí i.

Èmi ni ọmọ yín tó wà láàyè,
Kọ́lá